Ẹja tí wọ́n dá padà sómi kò ṣòfò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín nípa àwọn tó ń náwó rẹpẹtẹ lọ fi ìwọ̀ pẹja salmon lódò inú aginjù ní Norway, tí wọ́n sì ń dá ẹja náà padà sómi. Àwọn kan tó fèsì sí ìròyìn náà ní ìwà wèrè ni. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, etí ọ̀sà ní Bàrígà ni mo dàgbà sí. Bàbá mi kì í gbé epìyà tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ wálé. Wọ́n á kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọmi, kí ohun tó ń yọ̀ lára ẹja má bàa bó, wọ́n á wá rọra yọ ọ́ lójú àwọ̀n, wọ́n á ní, "Máa lọ, ó dọdún tó ń bọ̀."

Odò tí wọ́n bí salmon sí gan-an ló máa ń ti òkun padà sí láti yé ẹyin. Tẹ́ ẹ bá pa á kó tó yé, irú-ọmọ ẹja odò yẹn ń run lọ nìyẹn. Lọ́dún 2024, ó ṣọ̀wọ́n débi pé Norway ti odò 33 pa láàárín àsìkò ìpẹja.

Tiwa ńkọ́? Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ ò gba ìka kan ló pọ̀ lọ́sà báyìí, ọmọ ẹja ló ń kó. Láàárọ̀ àná, ọ̀rá pío wọ́tà ló kún àwọ̀n àbúrò mi, ẹja inú rẹ̀ ò tó ọbẹ̀ ọmọ méjì. Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ wá ya fọ́tò ìyẹn náà.