Omi Inú Àpò Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ ń dà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rọ tó ń ka ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Dókítà tó kun aláìsàn lóorun nawọ́ sókè, ó so àpò omi kan kọ́, ó sì ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá kó máa sáré wọlé. Nọ́mbà ojú ẹ̀rọ gòkè díẹ̀, ara tu gbogbo èèyàn. Kò pẹ́ kò jìnnà, nọ́mbà tún já wálẹ̀, wọ́n tún gbé àpò mìíràn. Tó bá fi máa di àpò kẹrin tàbí ìkarùn-ún, oníṣẹ́ abẹ á wo aṣọ tó fi ń nu ojú ọgbẹ́, á rí i pé ohun tó wà lára rẹ̀ ti ṣàn bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ pupa. Kò sí èyí tó dì nínú rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gún láti òwúrọ̀, tó sì ti gbẹ, tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹ̀jẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ṣìkà nínú yàrá yẹn. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n ṣe: ìfúnpá já, gbé omi sí i. Ẹ̀kọ́ yẹn la fẹ́ bá wí lónìí, àti àwọn aláṣẹ tí kò fi nǹkan mìíràn sí àrọ́wọ́tó àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí.

Ẹni tó wọn kílò 70 ní ẹ̀jẹ̀ tó tó lítà 5 lára. Inú ẹ̀jẹ̀ yìí ni gbogbo ohun tó ń jẹ́ kó dì wà: plátílẹ́ẹ̀tì tó ń lọ dí ojú ihò, àti oríṣiríṣi èròjà tó ń gbé iṣẹ́ fún ara wọn títí tí okùn tín-ín-rín yóò fi hun ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀. Fibrinogen ni wọ́n ń pe èròjà tó ń di okùn yìí. Gíráàmù 2 sí 4 ló máa ń wà nínú lítà kan, òun ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ tán nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. Tó bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ gíráàmù 1.5, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bẹ́yìn yọ. Kò sí ẹyọ kan nínú gbogbo èròjà wọ̀nyí nínú omi iyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú Ringer's lactate, omi mìíràn tí wọ́n máa ń fà síni lára. Bíríkìlà tó ń bu omi sí sìmẹ́ǹtì láìdáwọ́ dúró mọ bó ṣe máa rí: àpòpọ̀ rẹ̀ á pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní gan. Èyí tó tún wá burú ni pé kìkì nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi yìí ló máa ń dúró nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìyókù á jò wọ inú ẹran ara, ojú aláìsàn á wú, ìfúnpá á tún já, wọ́n á tún gbé òmíràn.

Òtútù tún wà níbẹ̀. Àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ara tó gbóná dé ìwọ̀n 37 ni wọ́n mọ̀. Àpò tó ti sun lórí pẹpẹ nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí, tí wọ́n wá tú lítà mẹ́ta rẹ̀ sínú iṣan, ń sọ iṣẹ́ wọn di iṣẹ́ ìgbín ni. Omi iyọ̀ náà, tí gíráàmù 9 iyọ̀ wà nínú lítà rẹ̀ kan, ní chloride, ọ̀kan nínú ohun tó para pọ̀ di iyọ̀, tó ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ dáadáa, tó bá sì pọ̀ lára, ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan. Ara tó tutù, ẹ̀jẹ̀ tó kan, ẹ̀jẹ̀ tí kò dì: àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó fara pa mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ìkíní ń fa ìkejì ni, ìkejì ń fa ìkẹta.

A ò sọ pé kí wọ́n má fa omi sí ẹnikẹ́ni lára o. Omi díẹ̀ kì í dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ dídì. Tí wọ́n bá tiẹ̀ fi omi iyọ̀ la ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ṣe ló máa ń yára dì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó ṣe pọ̀ tó, irú èyí tó jẹ́ àti àsìkò tí wọ́n gbé e síni lára ni ẹjọ́ wà, bó ṣe rí fún oògùn gbogbo.

Ọ̀rọ̀ àsìkò yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1918, nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Walter Cannon, ti kìlọ̀ pé tí wọ́n bá gbé ìfúnpá sókè kí oníṣẹ́ abẹ tó ṣe tán láti dí ojú ihò, ẹ̀jẹ̀ tí aláìsàn nílò ló ń dànù. Ní 1994, èsì ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Houston, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, lára èèyàn 598 tí ọ̀bẹ tàbí ìbọn bá ní àyà tàbí ikùn, jáde. Nínú àwọn tí wọ́n tètè fa omi sí lára, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ló yè. Nínú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dúró di yàrá iṣẹ́ abẹ, ìdá 70. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló rí bí ti Houston, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà nípa ẹni tó fara pa ti yí padà: lítà 2 ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní 2018 ó di lítà 1.

Èyí tó bí wa nínú jù lọ ni omi tí wọ́n fi sítáàṣì ṣe, hydroxyethyl starch. Wọ́n polówó rẹ̀ pé kì í tètè jò kúrò nínú iṣan, òótọ́ sì ni dé àyè kan. Ohun tí wọn kì í fi ariwo sọ ni pé ó ń dí okùn tó ń hun ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń gba agbára lọ́wọ́ plátílẹ́ẹ̀tì, yàtọ̀ sí bíbomi là tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbè é lẹ́yìn jù ni dókítà ará Jámánì kan, Joachim Boldt. Ní 2010, wọ́n fagi lé ìwádìí rẹ̀ kan. Nígbà tó di 2011, àwọn olóòtú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn kéde pé àwọn fagi lé iṣẹ́ rẹ̀ tó lé ní 80, torí pé kò gbàṣẹ tó yẹ kó tó ṣe wọ́n. Ní 2012, ìwádìí àwọn ará Scandinavia fi hàn pé ẹni tí àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n wá fa sítáàṣì sí lára, ń kú ju ẹni tó gba Ringer's lọ: ìdá 51 sí ìdá 43 láàárín 90 ọjọ́. Amẹ́ríkà fi ìkìlọ̀ tó lágbára jù sára rẹ̀ ní 2013, ó sì fi ti ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́nu iṣẹ́ abẹ ọkàn kún un. Àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá títà rẹ̀ dúró ní 2022.

Àwọn tó ṣì ń gbèjà rẹ̀ á ní aláìsàn tí àrùn dá gúnlẹ̀ ni wọ́n fi dán an wò, pé ti ẹni tó wá ṣe iṣẹ́ abẹ yàtọ̀. Àwíjàre yìí kò dùn létí wa. Nígbà tí Amẹ́ríkà tún ìkìlọ̀ náà ṣe ní 2021, ó kan àwọn aláìsàn iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú, wọ́n sì ní kí wọ́n má lò ó níwọ̀n ìgbà tí nǹkan mìíràn bá wà. Nǹkan mìíràn wà. Ìjọba tó bá ṣì ń fi owó ìlú ra á sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kó yọ ọ́ kúrò lórí ìwé.

Ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú fìríìjì ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le jù, a ò sì ní bú nọ́ọ̀sì tó gbé omi nítorí pé omi nìkan ló rí. Àmọ́ tranexamic acid, oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì má tètè yọ́, kò wọ́n, kò sì nílò fìríìjì. Wọ́n ti dán an wò lára ìyá 20,060 tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2017: ẹ̀jẹ̀ dídà kò pa àwọn tó rí i gbà láàárín wákàtí 3 tó àwọn tí kò gbà á. Kò sí àwíjàre fún yàrá iṣẹ́ abẹ tí kò ní i.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dídì pàápàá kò pọn dandan kó jẹ́ ti ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún àwọn tó ń gbẹ̀bí kọ́ni ní èyí tó rọrùn jù: fa ẹ̀jẹ̀ mílílítà 2 sínú ìgò gbọọrọ tó mọ́ tó sì gbẹ, fi àtẹ́lẹwọ́ dì í mú kó lè máa móoru. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 4, rọra dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Tó bá di ìṣẹ́jú 7 tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì dì, tàbí tó dì tó rọ̀ bọ́rọ́bọ́rọ́, aláìsàn yẹn ti wọ gàù, omi kọ́ ló sì máa yọ ọ́.

Ohun tí a fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ìlera gbogbo pa láṣẹ kò ju èyí lọ: kí wọ́n máa kọ àpò omi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ oògùn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó pàṣẹ rẹ̀ àti ìdí tó fi pàṣẹ, kí omi tó máa wọlé lọ́pọ̀ ti móoru, kí ẹnikẹ́ni má sì so àpò kẹta kọ́ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ti mú ìgò yẹn dání, tó ń wo aago.