Funfun Inú Ìgò Àtijọ́ Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n wó ilé kan lẹ́yìnkùlé wa ní Ìta Fájì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun. Ẹ mọ bí ilẹ̀ Èkó níbí ṣe rí, ẹ ò ní gbẹ́ ẹ jìnnà kí omi tó pàdé yín. Ìgò mẹ́ta ni àwọn òṣìṣẹ́ hú jáde nínú yanrìn tútù náà. Méjì ti fọ́. Ẹ̀kẹta pé pérépéré: ìgò jíńnì onígun mẹ́rin, tó fẹ̀ léjìká tó sì tín-ín-rín nídìí, irú èyí tí wọ́n fi ń kó jíńnì wá láti Họ́láńdì láyé àwọn baba ńlá wa. Wọ́n ṣe é ní onígun kí wọ́n lè tò ó mọ́ra nínú àpótí onígi láìsí àlàfo. Mo fún àwọn ọmọkùnrin náà lówó omi tútù, mo gbé tèmi wọlé.

Nígbà tí mo fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ jáde, ó dà bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbẹ. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ funfun, àfi bíi pé ẹnì kan da wàrà sí i tó sì gbẹ mọ́ ọn. Níbi èjìká rẹ̀, bí mo bá yí i sí oòrùn, ó ń ṣe bí òṣùmàrè, bíi ti epo mọ́tò lójú omi àgbàrá.

Kò sẹ́ni tí kò mọ oògùn rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ní kí n bu eérú àti yanrìn sí i, kí n fi omi díẹ̀ sí i, kí n máa gbọ̀n ọ́n. Àǹtí mi pè mí láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ó ní ọsàn wẹ́wẹ́ ni, bí kò bá sí, kí n ra fínígà. Bọ̀dá rẹ́wáyà tó wà ní ìkóríta fi gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Omi bátìrì ni kí o lọ gbà. Ìdọ̀tí wo ló máa dúró níwájú ìyẹn?"

Ọ̀nà wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohùn wọn ṣọ̀kan lórí ohun kan: pé ìdọ̀tí ni funfun yẹn, pé agbára ló kù. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wa ti ń ṣìnà.

Kí ni ìgò? Yanrìn ni, sódà ni, ẹfun ni, iná ló yọ́ wọn pọ̀. Yanrìn nìkan lè di gíláàsì, àmọ́ iná tó máa yọ́ ọ á tó nǹkan bí 1700 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi sódà sí i kó lè tètè rọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé omi fẹ́ràn sódà. Ẹfun ni wọ́n fi ń dí omi lọ́nà. Bí ìgò bá wá dùbúlẹ̀ sínú ilẹ̀ tútù fún ọgọ́rùn-ún ọdún, omi á máa fa sódà yẹn jáde díẹ̀díẹ̀, ohun tó máa kù lójú gíláàsì ni awọ yanrìn fẹ́ẹ́rẹ́ tó kún fún ihò tí ojú lásán ò lè rí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kọ lu àwọn ihò yìí á tú ká, ojú wa á sì pè é ní funfun. Níbi tí awọ náà bá ti di ìpele lórí ìpele, ìmọ́lẹ̀ á ta lára wọn, òun ni òṣùmàrè tí mo rí léjìká ìgò.

Ìgò yẹn fúnra rẹ̀ ni omi jẹ, bí omi ṣe ń jẹ irin tó ń dípẹtà. Kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn tí ẹ fẹ́ yọ. Ta ló máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì dí ihò eyín? Àwọn tó ń kó ìgò jọ nílẹ̀ òkèèrè máa ń sọ pé irú ìgò bẹ́ẹ̀ ń ṣàìsàn, orúkọ náà sì bá a mu.

Kì í ṣe gbogbo gíláàsì ló ń ṣàìsàn bákan náà o. Ohun tí wọ́n pò ló ń pinnu rẹ̀. Àwọn baba wa ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe gíláàsì tiwọn fúnra wọn. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ ọ, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lóríṣiríṣi, ní Igbó Olókùn, iṣẹ́ láàárín sẹ́ńtúrì 11 sí 15. Gíláàsì Ifẹ̀ yìí ní ẹfun àti álúmínà púpọ̀ nínú, àwọn méjèèjì yìí sì ni wọ́n máa ń bá omi wọ̀yá ìjà. (Mo mọ̀ pé mo ti yà bàrá. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mọ́ mi láti sọ ọ́ fún àwọn tó rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní gíláàsì.)

Ẹ jẹ́ ká padà sórí yanrìn àti eérú, nítorí èmi náà ti fara gbá a. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ní ìgò oògùn kékeré kan, aláwọ̀ búlúù, tí funfun díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo bu yanrìn odò sí i, mo gbọ̀n ọ́n títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí mo ṣan án, ó dán. Mo pe àwọn ará ilé wá wò ó. Nígbà tó gbẹ, ó ti ha gàràgàrà nínú, bí ẹni pé ológbò ni mo tì mọ́ ibẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò le: lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe le sí, yanrìn wà ní 7, ìgò wà ní nǹkan bí 5.5. Èyí tó le ló máa ń ha èyí tó rọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i láìba ìgò kankan jẹ́, ẹ mú ìgò míńẹ́rà tàbí ìgò bíà tó ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ilé iṣẹ́ àti ọjà. Ẹ wo èjìká rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, ẹ máa rí àmì funfun tó yí i ká bí bẹ́líìtì. Ìgò sí ìgò ló gbo ara wọn bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ àti nínú kéréètì. Kò sí ọṣẹ tó ń mú un kúrò, ẹ̀yin náà kò sì fìgbà kan rò pé ìdọ̀tí ni.

Eérú wá ńkọ́? Omi eérú ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, ẹni tó bá ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ mọ bó ṣe ń ta. Irú omi tó ń ta bẹ́ẹ̀, àti kọ́sítíìkì tí í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yanrìn inú gíláàsì gan-an ni wọ́n ń jẹ. Kí ẹ fi eérú nu ìgò kí ẹ sì ṣan án lójú ẹsẹ̀, kò burú. Kí ẹ rẹ ẹ́ sínú ìgò àtijọ́ di ọjọ́ kejì, ẹ ń fi kún àìsàn rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ omi bátìrì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ girama, inú kí ni olùkọ́ kẹ́mísìrì ń kó ásíìdì sí? Inú ìgò! Bí ásíìdì yẹn bá lè jẹ gíláàsì, ilẹ̀ ni wọn ì bá ti máa gbá a. Bí kò bá lè jẹ ẹ́, báwo ló ṣe máa jẹ awọ tí gíláàsì ti dà? Bí ẹfun omi kànga bá sì wà nínú ìgò yẹn, omi bátìrì á sọ ọ́ di nǹkan funfun mìíràn tí kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, ìbátan POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé. Ẹ fi awọ ọwọ́ yín wewu, ẹ wá fi POP rẹ́ inú ìgò.

Àǹtí mi ló sún mọ́ òótọ́ jù lọ. Nígbà mìíràn, ẹfun tí omi fi sílẹ̀ ni funfun inú ìgò lóòótọ́, pàápàá ìgò tí wọ́n ti fi pọn omi tàbí tí wọ́n rẹ àgbo sí. Fínígà àti ọsàn wẹ́wẹ́ ń yọ ìyẹn. Ẹ dà á sí i, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá hó wúruwùru tó sì ṣí kúrò, ẹ dúpẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ ṣan án, tó gbẹ tán tó ṣì wà bó ṣe wà, ẹ má wulẹ̀ ra ìgò fínígà kejì, gíláàsì ló ń ṣàìsàn. Ẹ má sì po fínígà tàbí ọsàn pọ̀ mọ́ jíìkì láé. Èéfín tó ń jáde lára wọn ń pa ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní "tó gbẹ tán." Nígbà tí ìgò bá tutù, omi á wọ inú àwọn ihò kéékèèké yẹn, ìmọ́lẹ̀ ò ní tú ká mọ́, ìgò á sì mọ́ gaara. Ìdí nìyí tí gbogbo ẹni tó ń fọ ìgò fi máa ń búra pé tòun ṣiṣẹ́: ojú omi ló ti wò ó. Òróró náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í tètè gbẹ. Ọkùnrin kan ti ta ìgò kan fún mi rí tó ń dán bíi dígí. Nígbà tó di oṣù kejì, eruku ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ni funfun bá yọjú. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ ra ìgò, mo máa ń ti ìka bọ ẹnu rẹ̀ ná.

Ásíìdì kan wà tó ń jẹ gíláàsì ní tòótọ́, hydrofluoric ni wọ́n ń pè é. Ó lè má ta lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ó ń wọ awọ ara lọ, ó ń mú kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dá ọkàn dúró. Ẹni tó bá ní òun á bá yín rí díẹ̀, ẹ sá fún un.

Àwọn tó gbọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa ní ẹ̀rọ tó ń yí ìgò po pẹ̀lú wáyà kọ́pà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ àti ìyẹ̀fun ìfidán, fún ọjọ́ mélòó kan, títí awọ tó ti bàjẹ́ fi máa ha kúrò. Iṣẹ́ fífá ni, kì í ṣe fífọ̀, ó sì lè fá lẹ́tà ara ìgò pẹ̀lú. Tèmi ò dé ibẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ń sọ kiri kò tilẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ, àti ìrẹsì tútù ẹ̀kúnwọ́ kan ni mo fi ń fọ tèmi. Ìrẹsì rọ̀ ju gíláàsì lọ, kì í ha á. Omi gbígbóná kọ́ o: kí ẹ̀rọ Michael Owens ará Amẹ́ríkà tó dé ní 1903, ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ìgò, ibì kan nípọn, ibì kan fẹ́lẹ́, omi gbígbóná sì lè là á sí méjì lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà, mo máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ dáadáa kí n tó dé e, nítorí omi tó bá há sínú rẹ̀ ló ń bá iṣẹ́ tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà kò gbà. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kí n gbé ìgò jíńnì náà wá. Ó bu omi sí i, ó gbé e sójú fèrèsé, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ṣé o rí i? Ó ti mọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mo da omi rẹ̀ nù, mo gbé e sórí ògiri nínú oòrùn, mo sì jókòó tì í.

Kó tó di àkókò ìrun Ayílá, ó ti funfun padà.