Ẹni tó ka sàìkọ́lọ́jì kì í ṣe dókítà wèrè o

Kí ọmọ kan ṣáà ti sọ nílé pé sàìkọ́lọ́jì lòun fẹ́ lọ kà ní yunifásítì, wọ́n á ní ṣé Àrò lo fẹ́ lọ máa ṣiṣẹ́ ni àbí Yaba Left. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà tẹ́ ẹ rí ní Àrò, ìṣègùn ni wọ́n kọ́kọ́ kà kí wọ́n tó yà sí ti ọpọlọ. Lóòótọ́ àwọn oní-sàìkọ́lọ́jì kan ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀ka kan péré nìyẹn. Ìwà èèyàn ni iṣẹ́ yẹn dá lé, bí gbogbo wa ṣe ń ronú, bá a ṣe ń rántí nǹkan, ohun tó ń mú wa jẹun kọjá yíyó.

Ẹ wo Judith Rodin, oní-sàìkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà kan. Philadelphia ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1944, Yunifásítì Pennsylvania tó wà níbẹ̀ náà ló ti kàwé jáde, ó gba PhD ní Columbia lọ́dún 1970, ó wá lọ ń kọ́ni ní Yale. Lọ́dún 1976 òun àti Ellen Langer gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe nílé àwọn arúgbó kan ní Connecticut. Wọ́n sọ fún apá kan nínú wọn pé ẹ̀yin lẹ máa pinnu bí yàrá yín ṣe máa rí, ẹ̀yin lẹ máa mú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wo sinimá, wọ́n fún kálukú ní òdòdó inú ìkòkò kékeré pé kó máa bomi rin ín fúnra ẹ̀. Apá kejì náà gba òdòdó, àmọ́ wọ́n ní kí wọ́n má ṣèyọnu, nọ́ọ̀sì á bá wọn bomi rin ín. Kò pé oṣù kan tára àwọn tàkọ́kọ́ ti ń yá gágá. Lẹ́yìn oṣù 18 tí wọ́n padà lọ wò wọ́n, nínú 47 tó ń dá pinnu, 7 ló ti kú, nínú 44 yòókù, 13. Èèyàn yẹn ò pọ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ fi búra, àmọ́ ẹni tó ní ìyá àgbà tí wọn ò jẹ́ kó gbálẹ̀ iwájú ilé ẹ̀ mọ́ máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Rodin yìí ni wọ́n fi ṣe provost Yale, ìyẹn ọ̀gá tó ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́ lábẹ́ prẹ́sídẹ́ǹtì, lọ́dún 1992, nígbà tó di 1994 Pennsylvania ní kó máa bọ̀ wálé wá ṣe prẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn VC lọ́dọ̀ tiwa. Nínú gbogbo ilé-ìwé Ivy League, ìyẹn àwọn yunifásítì mẹ́jọ kan tó lórúkọ gan-an ní Amẹ́ríkà, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ipò yẹn mú tí kì í ṣe adelé. Iṣẹ́ ọ̀hún ò rọrùn o, torí ní ìparí October 1996 wọ́n gún ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí ilé-ìwé náà pa ládùúgbò. Dípò kí wọ́n mọ odi yíra wọn ká, wọ́n tan iná sójú títì, wọ́n ran àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kí wọ́n lè ra ilé sí West Philadelphia, àdúgbò tí ilé-ìwé náà wà, wọ́n kọ́wọ́ ti ilé-ìwé ìjọba kan tí wọ́n ṣí lọ́dún 2001. Ìwà ọ̀daràn dínkù. Ilé náà sì wọ́n gógó, ó ni àwọn tó ti ń gbébẹ̀ tipẹ́ lára, ìyẹn náà ò ṣeé fi pamọ́. Lọ́dún 2005 Rodin bọ́ sí Rockefeller Foundation, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń fowó ṣe ìrànwọ́, ó ṣolórí wọn títí di 2017, àwọn ló gbówó sílẹ̀ fún ètò 100 Resilient Cities, tó ń ran àwọn ìlú ńlá lọ́wọ́ kí wọ́n lè fara da àjálù, tí Èkó tiwa wọ inú ẹ̀ lọ́dún 2016.

Òun nìkan kọ́ ni oní-sàìkọ́lọ́jì tó ṣolórí yunifásítì o. Peter Salovey tí òun àti John Mayer kọ̀wé lórí emotional intelligence, ìyẹn mímọ bí nǹkan ṣe ń rí lára ẹni àti lára ẹlòmíì, ní 1990 ló ṣe prẹ́sídẹ́ǹtì Yale láti 2013 sí 2024. Richard Atkinson, tí iṣẹ́ ẹ̀ dá lórí bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan, ló ṣolórí gbogbo University of California láti 1995 sí 2003, òun ló dìde lọ́dún 2001 tó ní kí wọ́n yé fi SAT, tó dà bíi JAMB tiwa, mú ọmọ wọlé, títí àwọn tó ni ìdánwò náà fi tún un ṣe, tí èyí tuntun jáde ní 2005.