Ìwé tó ń parí kò lè dáàbò bo ẹni tó ń sá fún wa

Èrò ọkàn mi rè é: bí ìjọba Brazil bá fẹ́ kí àwọn ẹ̀yà tó ń dá gbé nínú igbó Amazon wà láàyè, kí wọ́n yéé fi ìwé tó lọ́jọ́ ìparí ṣọ́ ilẹ̀ wọn.

FUNAI ni àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ níbẹ̀. Ibi 114 ni wọ́n ti gbúròó irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, àmọ́ 28 péré ni wọ́n tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Láti 1987 ni wọ́n ti pinnu pé àwọn kò ní wá wọn kàn mọ́. Ẹ̀mí ni wọ́n rò, torí ara àwọn ènìyàn yìí kò mọ ọ̀fìnkìn, kò mọ èéyi. Nígbà tí àwọn agégi pàdé ẹ̀yà Nahua ní Peru ní 1984, àìsàn pa bí ìdajì wọn láàárín ọdún díẹ̀.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ènìyàn wà níbì kan? Ipa ẹsẹ̀, ẹ̀ka tí wọ́n fọwọ́ ṣẹ́, igi tí wọ́n gé nítorí oyin, àtíbàbà ewé, eérú. Òṣìṣẹ́ á ya fọ́tò, á wọn ohun tó rí, á fi GPS gba ojú ibẹ̀ gan-an. Bí ipa náà bá jẹ́ ti òní tàbí ti àná, ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ yí sí.

Lẹ́yìn náà ni ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní restrição de uso máa ń jáde: àlejò kò gbọdọ̀ wọbẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ gégi níbẹ̀. Ó yára, ó sì dára, torí pé pípààlà ilẹ̀ pátápátá máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ ìparí rẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Ní September 2021, oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n fi kún ti ilẹ̀ Piripkura ní Mato Grosso, ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 242,500. Kí ni oṣù mẹ́fà ń sọ létí ajagùngbalẹ̀ bí kò ṣe pé kó ní sùúrù?

Ajagùngbalẹ̀ náà kò sì jókòó lásán. Á wọ íntánẹ́ẹ̀tì, á fi ilẹ̀ náà sínú CAR, ìforúkọsílẹ̀ oko tí oníkálukú ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Kì í ṣe ìwé ilẹ̀ rárá, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń gbé han ẹni tó fẹ́ rà. Igi olówó bí ipê ni wọ́n ń kọ́kọ́ kó jáde, owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń la ọ̀nà. Wọ́n á ṣán abẹ́ igbó, wọ́n á wó igi tó kù, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á finá sí i ní August tàbí September, wọ́n á gbin koríko, màlúù á dé. Tí màlúù bá ti dé, ó di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Láti 2011 ni ìwé yìí ti wà lórí ilẹ̀ Ituna-Itatá ní Pará, síbẹ̀ ó wà lára ilẹ̀ ìbílẹ̀ tí wọ́n run igbó rẹ̀ jù lọ ní 2019.

Ẹ wo ilẹ̀ Tanaru ní ìpínlẹ̀ Rondônia. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú ẹ̀yà rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn yòókù. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan tó kọ́ ló ti ń gbẹ́ kòtò jíjìn kan. August 2022 ni wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú ibùsùn okùn rẹ̀, ìyẹ́ ẹyẹ lára rẹ̀. Hẹ́kítà 8,070 tó kù fún un, oko màlúù ló yí i ká. Kò pẹ́ tó kú ni àwọn olóko bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilẹ̀ náà.

Ní November 2022, adájọ́ Edson Fachin ti ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ pàṣẹ pé kí wọ́n máa sọ ìwé náà dọ̀tun kó tó parí. Mo yìn ín, àmọ́ kò tíì tó. Ọjọ́ tí ìwé bá jáde ni kí ìwádìí fún pípààlà bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì pa gbogbo CAR tó bọ́ sórí ilẹ̀ náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ààlà nìkan náà kò sì lè dá a ṣe. Láti 2001 ni wọ́n ti pààlà Vale do Javari, ilẹ̀ ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Amazonas, tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ hẹ́kítà, síbẹ̀ ibi tó sún mọ́ ọn ni wọ́n ti pa Bruno Pereira, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀, àti Dom Phillips, akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní June 2022, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn apẹja tó ń jalè nínú ilẹ̀ náà. Ẹnu odò ni kí ẹ̀ṣọ́ wà, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ apẹja ń gbà wọlé, kí owó epo àti oúnjẹ wọn má sì dáwọ́ dúró. Kí wọ́n fún àwọn abúlé tó yí àwọn ẹ̀yà náà ká ní abẹ́rẹ́ àjẹsára pé, nítorí ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni àìsàn ti sábà máa ń kọjá sínú igbó.