Kọ́ńkéré tó nípọn náà ń là

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi íńṣì 2 kún ìnípọn kọ́ńkéré ilẹ̀ yìí, kò ní là láyé." Kò sí sáìtì ilé iṣẹ́ tí mo dé, Ìsọlọ̀ o, Ògbà o, Amúwò o, tí mi ò ti gbọ́ ọ. Bíríkìlà ń sọ ọ́, kọngilá ń sọ ọ́, ẹni tó ń náwó náà sì gbà á gbọ́. Irọ́ ni.

Wọ́n pè mí sí ilé ìkẹ́rù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 2 níjọ́ kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti là láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn. Mo ki bírò bọ ojú ibi tó là, ó wọlé dé ìdérí. Táyà fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù nínú ilé ìkẹ́rù, ti jẹ etí rẹ̀ bí eku ṣe ń jẹ iṣu, àwọn ọmọ iṣẹ́ wá tẹ́ páálí lé e kí ẹrù má baà máa gbọ̀n. Mánéjà ibẹ̀ ń pariwo pé, "Íńṣì 10 la sanwó rẹ̀ o!" A gbẹ́ ẹ wò. Íńṣì 10 ni lóòótọ́.

Kọ́ńkéré máa ń súnkì bó bá ń gbẹ. Ó fẹ́ fà wọlé, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dì í mú, kí ni kó ṣe ju kó ya lọ? Á là ṣáá ni. Iṣẹ́ tiwa ni ká yan ibi tó máa gbà là, ìyẹn la ṣe ń fi ẹ̀rọ gé ilà sí i lára. Bó bá nípọn ní íńṣì 6, ilà kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ, kí ilà náà sì jìn tó íńṣì kan ààbọ̀. Ẹ bá dà á láàárọ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ ti gé e. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ kẹta nínú oòrùn Èkó, yóò bá a tó ti la ara rẹ̀. Ti omi tí bíríkìlà ń bù sí i kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ lónìí, mi ò fẹ́ jà.

Abẹ́ ilẹ̀ gan-an ni ìṣòro tó le jù ní tiwa. Púpọ̀ nínú Amúwò àti Ìgànmú, àbàtà tí wọ́n bu yanrìn dí ni. Yanrìn tó ga ní mítà 1, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, ju tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Ẹrọ̀fọ̀ abẹ́ rẹ̀ á máa sun omi fún ọdún gbọọrọ, bí ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ nínú àpò, á sì máa rì. Kọ́ńkéré íńṣì 4 tí ẹ bá fi kún un, nǹkan bíi kílò 240 ló tún gbé lé ibùú àti òòró kan náà. Ẹni tó ń rì lọ, ẹ tún gbé ẹrù rù ú.

Ti Mile 2 yẹn, orí páìlì, ìyẹn òpó gígùn tí wọ́n gbá wọnú ilẹ̀ lọ jìn, ni àwọn òpó ilé náà dúró, orí yanrìn ni ilẹ̀ kọ́ńkéré jókòó, wọ́n sì da méjèèjì mọ́ra láìfi fóòmù tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀ sáàárín. Òpó ò rì, ilẹ̀ rì. Ó ya yí gbogbo òpó ká bí ẹ̀gbà ọrùn.

Mi ò ní kí ẹ da íńṣì 3 o. Fọ́kílíìfù tó ń gbé tọ́ọ̀nù 3, tòun tẹrù lè tó tọ́ọ̀nù 7, táyà méjì iwájú ló sì ń ru èyí tó pọ̀ jù. Ìnípọn wúlò níbẹ̀. Àmọ́ ẹrù tó máa gùn ún àti àyẹ̀wò ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe ẹnu bíríkìlà.

Gbogbo èyí ni mo ṣàlàyé fún mánéjà yẹn. Ó mirí, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní: "Ẹnjiníà, tá a bá wá da íńṣì 4 lé e lórí ńkọ́?"