Orúkọ ọmọ ni «My» tó wà nínú MySQL

Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó wà ní Àgbowó, ní ọ̀kánkán ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn, títí dé Bódìjà, àlàyé kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà láti ẹnu ara wọn. Àlàyé náà ni pé «My» tó ṣáájú orúkọ MySQL, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú àkójọpọ̀ ìsọfúnni (ìyẹn dátábéèsì), jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí «tèmi», nítorí pé àwọn tó ṣe é fẹ́ kí olúkúlùkù ní dátábéèsì tirẹ̀. Àlàyé náà dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́.

Michael Widenius, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Monty, ọmọ ilẹ̀ Fínláǹdì tí ń sọ èdè Swídìṣì, wà lára àwọn mẹ́ta tó dá MySQL sílẹ̀ ní ọdún 1995. David Axmark àti Allan Larsson ni àwọn méjì yòókù. My ni orúkọ ọmọbìnrin Widenius. Ilé ni àwa ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ ni òun wò kí ó tó sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lórúkọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ja ọ̀rọ̀ náà níyàn lè rí ibi gbá mú, nítorí pé ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ náà kò dá ìwé ìtọ́nisọ́nà MySQL fúnra rẹ̀ lójú. Ohun tí àwọn ẹ̀dà àtijọ́ sọ ni pé ó ti lé ní ọdún 10 tí ilé-iṣẹ́ náà ti ń fi lẹ́tà méjèèjì yìí ṣáájú orúkọ àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, pé ọmọ Widenius sì tún ń jẹ́ My, àti pé èwo nínú méjèèjì ló bí orúkọ náà jẹ́ àdììtú fún àwọn onílé-iṣẹ́ pàápàá. Àwọn ẹ̀dà tó dé lẹ́yìn kò fi igbá kan bọ̀kan nínú mọ́: wọ́n kọ ọ́ kedere pé orúkọ ọmọ náà ni. Lójú tèmi, àwọn ọmọ yòókù ló parí ẹjọ́ yìí, nítorí pé Widenius ní ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Max, a sì rí dátábéèsì tí ń jẹ́ MaxDB. Ó ní ọmọbìnrin mìíràn tí ń jẹ́ Maria, a sì rí MariaDB.

Ọ̀rọ̀ pípè rẹ̀ kò le tó bí àwọn olùkọ́ kan ṣe ń mú un le. Ìwé ìtọ́nisọ́nà náà ní kí a pe S, Q àti L ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ẹni tó bá pè é ní «sequel» kò ṣẹ àwọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ ní ìtàn lẹ́yìn: SEQUEL ni orúkọ tí Donald Chamberlin àti Raymond Boyce fún SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ní ilé-iṣẹ́ IBM, ní San Jose, ní ọdún 1974, kí wọ́n tó gé e kúrú nítorí pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi orúkọ náà sábẹ́ òfin.

Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ra MySQL ní ọdún 2008. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Oracle fẹ́ ra Sun ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Widenius mú ẹ̀dà kóòdù náà, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ MariaDB. Láti ọdún 2015 ni XAMPP, àkójọ ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ti fi MariaDB rọ́pò MySQL, bó tilẹ̀ jẹ́ pé MySQL ni wọ́n ṣì kọ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì tí a fi ń tan dátábéèsì náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ bọ́tìnnì náà rí orúkọ My lójú ẹ̀rọ, Maria ló sì ń dá a lóhùn.