Ẹni tí kì í mu kọfí náà lè ní káféènì lára

“Èmi kì í mu kọfí” ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ káféènì, èròjà tó ń lé oorun, bá jáde, wọ́n á sì gbà pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Kò tán o. Àwọn tó ń mu kọfí láàárín wa kò pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń jẹ obì, tó ń mu tíì láàárọ̀, tó ń fi Coca-Cola gbé oúnjẹ ọ̀sán wọlé, tó sì ń lo oògùn orí fífọ́ oníyẹ̀fun. Káféènì wà nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú obì ná. Gbàǹja alawẹ́ méjì ni o, àbàtà tó ń ya sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni o, káféènì inú wọn ló ń lé oorun lójú awakọ̀ òru àti mẹ́gàádì. Igo Coca-Cola 50cl ní nǹkan bíi mílígíráàmù 50. Agolo Red Bull kékeré ní 80. Ife tíì kan sábà máa ń ní 40 sí 50. Èyí tí kò sẹ́ni tó ń kà ni oògùn. Ẹyọ Panadol Extra kan ní paracetamol mílígíráàmù 500 àti káféènì 65, nítorí náà ẹni tó gbé méjì mì ti gba 130, èyí tó ju ti igo Coca-Cola méjì lọ. Alábùkún tí Jacob Odulate ṣe l’Ábẹ́òkúta ní ọdún 1918, aspirin àti káféènì ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń tan ẹnikẹ́ni jẹ: káféènì máa ń ran oògùn orí fífọ́ lọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń lò ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Káféènì mílígíráàmù 100 lójúmọ́ ti tó láti mú kí ara bínú bí a bá dá a dúró lójijì. Ìdí rẹ̀ nìyí. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ adẹ́nósíìnì wà nínú ọpọlọ, bí a bá ṣe ń pẹ́ lójú ló ń pọ̀ sí i, òun ló ń sọ fún ara pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní ìjókòó tirẹ̀, káféènì á lọ gba ìjókòó náà. Nígbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ọpọlọ á tún ìjókòó mìíràn ṣe kún un. Lọ́jọ́ tí káféènì kò bá wá, adẹ́nósíìnì á kún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí á fẹ̀, orí á máa lù kìkìkì, oorun á máa kùn, inú á sì máa bí èèyàn lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24, ọjọ́ kejì ló sábà máa ń le jù, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ọjọ́ kìn-ín-ní ni ẹ ó máa gbọ́ “orí ń fọ́ mi” káàkiri. Ebi ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Ebi àti òǹgbẹ lè fọ́ orí lóòótọ́, àmọ́ fún ẹni tó máa ń mu tíì tàbí jẹ obì lójúmọmọ, káféènì tó dá dúró ni kó kọ́kọ́ fura sí. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ààwẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ibà ni. A kò lè dá wọn lẹ́bi: orí fífọ́, ara ríro, èébì tó ń gbéni àti àárẹ̀ jọra púpọ̀. Ṣùgbọ́n dídá káféènì dúró kì í mú kí ara gbóná. Bí tẹmọ́mítà bá fi 38 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun mìíràn ni. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn dá tíì àti obì dúró, kí orí fọ́ ọ, kó wá lo Panadol Extra. Orí á fúyẹ́, nítorí ohun tí ara ń wá ló tún gbà. Lọ́la ó tún dé. Ẹni tó bá ń lo irú oògùn alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù lóṣù fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè di ohun tó ń fọ́ ọ lórí.

Bí ẹ bá fẹ́ dá a dúró, ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ jẹ tẹ́ ẹ mu sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, oògùn pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ 200 lójúmọ́, ẹ sọ ọ́ di 150, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin kó di 100, lẹ́yìn mẹ́rin mìíràn kó di 50, kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀. Ti ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ: nǹkan bí ìdajì tíì aago márùn-ún ló ṣì wà lára ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ fi gé awẹ́ obì sí méjì, nítorí ẹni tó bá fi eyín ya á kò ní mọ ìwọ̀n tó jẹ. Ẹ má fi tíì aláwọ̀ ewé rọ́pò rẹ̀, káféènì wà nínú òun náà. Kò sí nínú sóbò àti ewé tíì ẹ̀yìnkùlé tí à ń pè ní koríko ọba. Bí orí bá le jù, paracetamol lásán ni kẹ́ ẹ lò, ẹyọ méjì lẹ́ẹ̀kan, kó má ju mẹ́jọ lọ ní wákàtí 24.

Aboyún kò gbọdọ̀ kọjá 200 lójúmọ́, torí káféènì máa ń pẹ́ lára rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Kó má sì fọwọ́ kan oògùn tó ní aspirin láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Bí wọ́n bá gbé obì kalẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ fi eyín kan étí rẹ̀, ẹ ṣàdúrà, ẹ gbé e fún ẹnìkejì. Ìyẹn kò ní ba nǹkan kan jẹ́. Awẹ́ tí èèyàn bá fi sápò, tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ni yóò dá a padà síbi tó ti ń bọ̀.